Ìbò Àkọ́kọ́ àti Àwọn Tó Ń Fi Í Dífá

A kì í dìbò tán lọ́jọ́ kan ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1979 títí di 2023, ètò ìdìbò gbogbogbòò wa máa ń gba Sátidé méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún. Yàtọ̀ sí èyí, ìpínlẹ̀ bí Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Oǹdó ti ní ọjọ́ tiwọn lọ́tọ̀ fún ìbò gómìnà, nítorí pé ilé ẹjọ́ yọ gómìnà kan, ó fi òmíràn síbẹ̀ láàárín sáà, òǹkà ọdún wọn sì yà kúrò nínú ti àwọn yòókù. Bí èsì àkọ́kọ́ bá ti jáde báyìí, ó lè ku ọ̀sẹ̀ kan, ó lè ku oṣù méje, kí èyí tó kàn tó dé. Inú àlàfo yẹn gan-an ni àwọn alásọtẹ́lẹ̀ òṣèlú ti ń rí jẹ. Ìwé ìròyìn tó ń ṣe ti ẹgbẹ́ kan á ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kí alátakò lọ máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Èyí tó ń ṣe ti ẹgbẹ́ kejì á ní màgòmágó ni, ẹ jẹ́ ká pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀. Lónìí, àwọn tó ń ṣe àtúpalẹ̀ lórí rédíò àti lórí Facebook ló gba iṣẹ́ náà ṣe, bíi babaláwo tí kò mọ̀ ju odù kan ṣoṣo lọ tó sì ń fi í dífá fún gbogbo ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́. Bí a bá yẹ ìtàn ìbò nílẹ̀ Yorùbá wò láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé ìbò àkọ́kọ́ kì í sọ ju ohun tí àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà wí lórí bébà tí wọ́n gbé síwájú wọn. Ó máa ń bá ti ẹ̀yìn mu bí àwọn olùdìbò bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n náà kò sì yí padà. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti yẹ̀, àfàìmọ̀ kí alásọtẹ́lẹ̀ má tẹ́.

Ibì kan wà tí àsọtẹ́lẹ̀ ti ṣẹ kedere, ó sì yẹ ká mọ ìdí rẹ̀. Ní 1923, nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ fàyè gba ìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, Èkó ní àga mẹ́ta, Kàlàbá ní ẹyọ kan. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, obìnrin kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, NNDP, gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Èkó, wọn kò sì jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ wọn fún ọdún 15. Lọ́dún 1938 ni Nigerian Youth Movement, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ alákọ̀wé, na ẹgbẹ́ Macaulay nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, kò sì ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n tún fi kó gbogbo àga Èkó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tó bá ti rí ti ìgbìmọ̀ ìlú kò nílò ifá kankan kó tó mọ bí ti ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò ṣe rí. Ìlú kan náà ni, àwọn ọkùnrin olówó díẹ̀ kan náà ló ń dìbò, ìjà kan náà ni wọ́n sì ń jà, pé ṣé ọwọ́ àgbà ni Èkó yóò wà ni àbí ọwọ́ ọ̀dọ́. Nígbà tí òfin wá ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ipò tí wọ́n ń dìbò fún sì di oríṣiríṣi, ìrọ̀rùn yẹn bá ìgbà yẹn lọ.

Ti 1951 ló kọ́kọ́ fi hàn wá pé àwọn tó ń ka ìbò fún aráàlú ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ yàtọ̀ sí kíkà. Lábẹ́ òfin Macpherson, ìbò sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, yàtọ̀ sí ti Èkó, máa ń gba ìpele ìpele: àwọn ará àdúgbò yan aṣojú, àwọn aṣojú wọ̀nyẹn yan àwọn mìíràn, àwọn yẹn ló wá yan ẹni tó ń lọ sílé aṣòfin n’Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọlé ni ènìyàn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹgbẹ́ báyìí ni wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn gba. West African Pilot tó jẹ́ ti Azikiwe ń ka orí fún NCNC; Nigerian Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ń ka orí fún Action Group. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ní àwọn ló borí kí ilé tó jókòó. Ti Ìbàdàn fúnra rẹ̀ tó àpẹẹrẹ: ẹgbẹ́ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ibadan People’s Party ló gba gbogbo àga mẹ́fà tó jẹ́ ti ìlú náà. Bí ilé ṣe wọlé ní oṣù Kìíní 1952, márùn-ún nínú wọn ti dara pọ̀ mọ́ Action Group, Adégòkè Adélabù nìkan ló ṣẹ́ kù sí ọ̀dọ̀ NCNC. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹyọ láàárín àwọn àgbà òṣèlú, wọn kò tíì gbà fún ara wọn lórí ẹni tó borí. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni lè yanjú ìjà náà mọ́, nítorí pé bébà tí àwọn aráàlú dì kò béèrè ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó dájú ni pé kíkéde “a ti borí” ṣáájú àkókò kì í ṣe ìròyìn lásán lọ́jọ́ náà. Ẹni tó wà ní gbàgede, tí kò tíì mọ ibi tí yóò yà sí, ni wọ́n ń kéde rẹ̀ fún.

Ìgbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá ní 1979 ni ètò ọ̀pọ̀ Sátidé bẹ̀rẹ̀ gidi. Ọjọ́ 7 oṣù Keje ni wọ́n dìbò àwọn Sẹ́nétọ̀, ọjọ́ 14 ti àwọn aṣojú-ṣòfin, ọjọ́ 21 ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ọjọ́ 28 ti gómìnà, ti Ààrẹ wá kẹ́yìn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ. Lọ́dọ̀ wa, ìbò àkọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀ gba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó láti Sátidé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, Awólọ́wọ̀ sì kó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ nínú ìbò Ààrẹ ní ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: ohun tí Yorùbá ń dìbò fún lọ́jọ́ márààrún kò ju orúkọ ẹnì kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kàdúná. Ẹgbẹ́ NPN ló gba ọ̀pọ̀ àga nínú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní ọjọ́ 21. Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn rẹ̀, Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP ló wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé aráàlú máa ń sáré tẹ̀lé ẹni tó ti borí, a jẹ́ pé àwọn ará Kàdúná kò gbọ́ nípa òfin náà. Àbájáde yẹn le fún Balarabe, nítorí ilé aṣòfin tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yọ ọ́ nípò ní 1981. Àwọn olùdìbò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi ẹgbẹ́ kan ṣọ́ èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bọ́ sí i fún wọn.

Ní 1983, àjọ elétò ìdìbò FEDECO, tí Adájọ́ Ovie-Whiskey ń darí, yí ètò náà po. Ti Ààrẹ ló di àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ; ti gómìnà tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 13. Àwọn UPN fárígá. Wọ́n ní NPN fẹ́ kí Ààrẹ Shagari tó jẹ́ tiwọn kọ́kọ́ wọlé, kí gbogbo ayé lè máa wọ́ tẹ̀lé e. Shagari wọlé lóòótọ́, pẹ̀lú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 12, nígbà tí Awólọ́wọ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6, Awólọ́wọ̀ fi Shagari sílẹ̀ jìnnà réré níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, FEDECO kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ti NPN, ẹni tó ti jẹ́ igbákejì Gómìnà Adékúnlé Ajásin kó tó bá UPN jà, ló na ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Lójú ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ “ẹ̀yìn ẹni tó borí ni ayé ń tọ̀” gbọ́, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: wọ́n ti rí i pé Shagari wọlé, wọ́n yí padà. Àwọn tó ń gbé Àkúrẹ́ kò rí i bẹ́ẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ tó jókòó ti àpótí ìbò ní àdúgbò rẹ̀ ti kọ iye tó rí sínú ìwé, ẹni tó wà ládùúgbò kejì ti kọ tirẹ̀. Nígbà tí iye tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò kò bá ti inú ìwé mu, tí kò sì bá ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú mu, ìlú dàrú. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, iná ń jó ilé, wọ́n ń pa ènìyàn. Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mọ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ilé ẹjọ́ l’Ákúrẹ́ ní Ajásin ló wọlé, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ bẹ́ẹ̀, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ náà fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni pé ìbò àkọ́kọ́ wúlò lọ́dún náà, àmọ́ kì í ṣe bí alásọtẹ́lẹ̀ ṣe ń lò ó. Ó jẹ́ ẹlẹ́rìí tí àwọn aráàlú fi díwọ̀n ohun tí wọ́n kéde lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí náà kì í fọhùn bákan náà níbi gbogbo. Ní Ọ̀yọ́, Awólọ́wọ̀ ló borí ní ọjọ́ 6, Ọmọ́lolú Ọlúnlóyọ̀ ti NPN ni wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 13 pé ó na Bọ́lá Ìgè. UPN ní èrú ni, bíi ti Oǹdó gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá mẹ́ta ìbò Ọ̀yọ́ tí Shagari kó nígbà tí ti Oǹdó kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, Ìbàdàn sì ti ní àwọn tó ń ṣe òdìkejì Awólọ́wọ̀ láti ayé Adélabù. Ọmọ Ìbàdàn ni Ọlúnlóyọ̀. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni Ìgè. Ẹni tó fi tọkàntọkàn dìbò fún Awólọ́wọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ lè fẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, kò sì ní rò pé òun da ẹnikẹ́ni. Èmi kò sọ pé wọn kò ṣèrú l’Ọ́yọ̀ọ́. Mo ń sọ pé ìyàtọ̀ láàárín Sátidé méjì kò tó fi dá ẹjọ́ náà, nítorí ìbéèrè méjì ni wọ́n bi àwọn olùdìbò.

Kò sí ibi tí ìbò àkọ́kọ́ ti dójú ti àwọn alásọtẹ́lẹ̀ tó ti Èkó láàárín 1991 sí 1993. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1991, ìbò gómìnà wáyé ní gbangba: àwọn olùdìbò tò sẹ́yìn àmì ẹgbẹ́ tàbí àwòrán olùdíje, òṣìṣẹ́ ìbò sì ń kà wọ́n ketekete lójú gbogbo ènìyàn. Èrú ò rọrùn níbẹ̀, ẹni tó bá lójú lè bá wọn kà. Ní Èkó, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀, Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti ẹgbẹ́ NRC ló jáwé olúborí. Káàkiri orílẹ̀-èdè, NRC ní gómìnà 16, SDP ní 14. Ẹni tó bá jókòó ní oṣù Kìíní 1992 tó ń fi èsì yìí sọ ọ̀la kò ní ṣiyèméjì pé NRC ló ń gba Ààrẹ. Ìdajì ọdún lẹ́yìn náà, SDP ló ní ọ̀pọ̀ àga nínú ilé aṣòfin àgbà méjèèjì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, M.K.O. Abíọ́lá ti SDP kó ìbò 8,341,309, Bashir Tofa ti NRC kó 5,952,087. Abíọ́lá na Tofa ní Kánò, ìpínlẹ̀ Tofa gan-an. Ní Èkó tí NRC ti ń ṣèjọba, Abíọ́lá ní 883,965, Tofa ní 149,432. Kí ló dé? Àwọn ará Èkó kò yí ìwà padà láàárín oṣù 18. Ìjà Dàpọ̀ Sárùmí àti Fẹ́mi Àgbàlájọbí lórí tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà ló tú SDP ká ní 1991. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìdíje, wọ́n fi Yọ̀mí Edu rọ́pò, inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì fi ìbínú náà tò sẹ́yìn ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n fi ìbò yẹn sọ. Kò kan Abíọ́lá.

Ìbò àkọ́kọ́ tún máa ń ṣe ohun tí alásọtẹ́lẹ̀ kì í kà mọ́ ọn: ó ń la ojú ẹni tó pàdánù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1998, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ láti fi yan àwọn ẹgbẹ́ tí wọn yóò forúkọ wọn sílẹ̀ pátápátá, mẹ́ta ló sì yọ: PDP, APP, àti AD tí kò lágbára ju ilẹ̀ Yorùbá lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà AD kó gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí ìbò oṣù Kejìlá ti wí. Ṣùgbọ́n èsì kan náà ló jẹ́ kí AD àti APP mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan nínú wọn kò lè dá nìkan ko PDP lójú. Wọ́n so pọ̀, wọ́n fa Olú Fálaè kalẹ̀, Umaru Shinkafi sì ṣe igbákejì. Ọbásanjọ́ ti PDP ló wọlé síbẹ̀, pẹ̀lú ìbò 18,738,154 sí 11,110,287, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá, títí kan Ògùn tó ti wá, ló kọ̀ ọ́. Láìsí ìbò oṣù Kejìlá, mi ò rò pé ìsopọ̀ yẹn ì bá wáyé.

Àwọn tó gbà pé ìbò àkọ́kọ́ ló ń fa ti ẹ̀yìn yóò mú 2003 wá, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún náà, PDP ya wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú ìbò ilé aṣòfin àgbà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, márùn-ún nínú gómìnà AD mẹ́fà fìdí rẹmi, Bọ́lá Tinúbú ti Èkó nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó jọ ẹ̀rí pé ẹ̀rù Sátidé àkọ́kọ́ ló ṣubú lu ìkejì. Àmọ́ ní ọjọ́ 19 tí wọ́n dìbò gómìnà, ọjọ́ náà ni wọ́n dìbò Ààrẹ, AD kò sì fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ. Àwọn aṣáájú wọn ti ní kí Yorùbá ti ọmọ wọn Ọbásanjọ́ lẹ́yìn. Ẹ ní kí ènìyàn tẹ ìka fún agboorùn, àmì PDP, lórí bébà kan, kó má tẹ̀ ẹ́ lórí bébà kejì, nínú yàrá kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan! Àwọn tó ń pe 2003 ní ọdún èrú ní ọ̀rọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ní AD ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ibi yòówù tí òtítọ́ bá wà, àdéhùn yẹn ti wà nílẹ̀ kí Sátidé àkọ́kọ́ tó pé.

Ibi tí a ti lè wọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa ni Èkó ní 2015, nítorí pé ẹgbẹ́ méjì kan náà ló kojú ara wọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, Buhari ti APC ní 792,460 ní Èkó, Jonathan ti PDP ní 632,327. Gbogbo Nàìjíríà gbọ́ pé Ààrẹ tó wà lórí oyè ti fìdí rẹmi, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí ayé bá máa ń tẹ̀lé ẹni tó borí, ìgbà yẹn ló yẹ kí ìbò APC l’Ékòó gun òkè àjà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, Akinwunmi Àḿbọ̀dé ti APC ní 811,994, Jimi Àgbàjé ti PDP ní 659,788. Àlàfo tó jẹ́ 160,133 tẹ́lẹ̀ di 152,206. Ó dín kù ni. Kó tó di ìgbà náà, àwọn alásọtẹ́lẹ̀ PDP ti fi ti Èkìtì ní oṣù Kẹfà 2014, níbi tí Ayọ̀ Fáyóṣé ti na Káyọ̀dé Fáyẹmí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, sọ pé ilẹ̀ Yorùbá ti bọ́ sọ́wọ́ Jonathan. Èkìtì nìkan ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ti 2023 ló ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì dà bí ẹni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ já alásọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ ní kóró. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, Tinúbú ti APC ní 449,884 l’Ọ́yọ̀ọ́, Atiku tó jẹ́ ti PDP ní 182,977, APC sì kó ipò Sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn APC ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìbúra gómìnà tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ṣèyí Mákindé ti PDP ní 563,756, Teslim Fọlárìn ti APC ní 256,685. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33, Mákindé gba 31. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé ọwọ́ fún ìgbálẹ̀ APC lóṣù Kejì ló gbé e fún agboorùn lóṣù Kẹta, Mákindé fúnra rẹ̀ kò sì ti PDP lẹ́yìn lórí ipò Ààrẹ. Ní Èkó, ìyàlẹ́nu ni ti oṣù Kejì: Peter Obi ti Labour ní 582,454, Tinúbú ní 572,606. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Labour ń sọ pé ìjọba Èkó ní Alausa ti bọ́. Èsì ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ni 762,134 fún Babájídé Sanwó-Olú, 312,329 fún Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour. Labour pàdánù ìbò 270,125 láàárín Sátidé méjì. APC jèrè 189,528.

Ẹnìkan lè ní kí n má pa irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ti Èkó yìí, nítorí pé àwọn tó wá wo ìbò náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn ènìyàn láwọn ojúkò ìdìbò kan, pàápàá àwọn tí wọ́n pè ní àlejò. Òótọ́ ni, ìtìjú sì ni fún ìlú tí àlejò kọ́. Ẹ̀rí yẹn kò ba ohun tí mo ń wí jẹ́. Ó fi kún un ni. Ẹni tó pàdánù lóṣù Kejì ló ta jí: àwọn kan rin ilé dé ilé, wọ́n bẹ àwọn tí kò jáde, àwọn kan gbé igi. Iye tó tọ́ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ìbò oṣù Kejì kò sọ ti oṣù Kẹta tẹ́lẹ̀. Òun ló dá a sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi àwọn tó ṣẹ pamọ́. Ọ̀ṣun dìbò gómìnà ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 2022, Adémọ́lá Adélékè ti PDP sì na Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC pẹ̀lú 403,371 sí 375,027. Lóṣù méje lẹ́yìn náà, PDP tún gba Ọ̀ṣun mọ́ Tinúbú lọ́wọ́, 354,366 sí 343,945. Alásọtẹ́lẹ̀ PDP jàre. Àmọ́ àlàfo tó lé ní 28,000 ti wá sí 10,421, ẹni tó bá sì ti fi ti Ọ̀ṣun sọ ti Èkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti jìn sí kòtò, nítorí Tinúbú gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Atiku pẹ̀lú ìlọ́po méjì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn olóṣèlú fúnra wọn kò tíì jẹ́wọ́ pé ètò Sátidé kò ní agbára tí wọ́n rò pé ó ní. Ní 2018, ilé aṣòfin àgbà fẹ́ fi òfin gbé ti Ààrẹ sẹ́yìn, kí tiwọn ṣíwájú. Buhari kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ gíga l’Ábújá sì dá wọn lẹ́kun. Wọn kò jà bẹ́ẹ̀ nítorí aráàlú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀ fẹ́ máa fi ara mọ́ Ààrẹ tó lókìkí, ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ sí Ààrẹ fẹ́ sá fún un. Irú ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Maine máa ń dìbò tirẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án nígbà kan, ṣáájú ti gbogbo ìlú, àwọn oníròyìn sì ń sọ pé bí Maine bá ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà yóò lọ. Ní 1936, Maine lọ pẹ̀lú àwọn Republican. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, nínú ìpínlẹ̀ 48, Maine àti Vermont nìkan ni Roosevelt ti Democrat kò gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ń bọ̀ wá kan wa nítorí àbá ìdìbò ṣáájú ọjọ́ ìbò. Ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìbò àti oníròyìn tí wọ́n bá gbé lọ síbi tí kò sí orúkọ wọn kì í lè dìbò, àjọ INEC pàápàá sì ti gbé àbá náà jáde. Àwọn ẹgbẹ́ ń bẹ̀rù ẹni tí yóò ṣọ́ àpótí tó sùn síta, ìbẹ̀rù gidi sì ni. Èmi ń rò ti ìkejì, ìyẹn ohun tí wọn yóò máa fi ìbò ìṣáájú náà wí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba máa ń gbé e jáde lójoojúmọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ báyìí báyìí mélòó ló ti dìbò, àwọn alásọtẹ́lẹ̀ sì ń fi í kọ ọ̀la kí wọ́n tó ka ẹyọ bébà kan. Ní 2020, ní Pennsylvania, ìbò ọjọ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kà jù, Trump wà níwájú lálẹ́ ọjọ́ náà. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú àpò ìwé kí ọjọ́ ìbò tó pé, nígbà tí wọ́n sì kà wọ́n, Biden ló borí pẹ̀lú nǹkan bí 80,000. Àwọn tó ti jó ayọ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pariwo èrú. Gánà ṣe é lọ́nà mìíràn: àwọn agbófinró àti òṣìṣẹ́ ìbò máa ń dìbò lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n á lẹ àpótí pa, kò sì sí ẹni tó ń kà á títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ìlú dìbò, tí wọ́n á dà á mọ́ ti àwọn yòókù. Ní Britain, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ènìyàn gbé ohun tó rí nínú ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ jáde kí ìdìbò tó parí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tiwa kò kọ ẹgbẹ́ sára orúkọ ẹnikẹ́ni, èyí ràn wá lọ́wọ́. Bí òfin yóò bá fàyè gbà á nílẹ̀ yìí, ti Gánà ni kí a wò: kí aṣojú gbogbo ẹgbẹ́ fọwọ́ sí èdìdì àpótí níṣojú ara wọn, kí wọ́n tún fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, kí ẹ̀wọ̀n sì wà fún òṣìṣẹ́ tó bá jẹ́ kí iye kan jáde láàárín ọjọ́ méjèèjì.